Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì dé Orí Mẹ́mórì Káàdì

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ àtijọ́ láti Ìkàrẹ́, tí ó gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ọ̀kà, lè bá ohun kan pàdé tí yóò yà á lẹ́nu bí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Rédíò ọkọ̀ náà kò mọ nǹkan mìíràn ju kásẹ́ẹ̀tì lọ, ṣùgbọ́n inú fóònù awakọ̀ ni orin tí ń jáde wà. Wọ́n ṣe ohun kan ní àwòrán kásẹ́ẹ̀tì, kò ní téèpù nínú, wáyà kan ni ó so ó mọ́ fóònù. Níbi tí téèpù ìbá ti kan orí rédíò, òòfà kékeré kan wà níbẹ̀ tí ń ṣe bí ẹni pé téèpù ni òun. Rédíò kò mọ ìyàtọ̀. Ó ń kọrin lọ.

Irú ọgbọ́n yìí gan-an ni ó jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà ilé tí wọ́n ṣe ní ohun tí ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn máa ṣiṣẹ́ títí di òní. Àwọn kan a máa fi àwọn tí ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní eré ọmọdé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ wọn kan àwa ará Àkókó ju bí a ti rò lọ.

Ní ìlú Berlin ni ilé iṣẹ́ Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré tí ènìyàn lè rà sílé bẹ̀rẹ̀ sí yọjú ní nǹkan bí 1975, ìṣòro kan dé: bí a bá ti pa iná rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ parẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ dísìkì sì wọ́n gógó. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn onímọ̀ pàdé ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí a ó ti máa fi ìró pa ètò kọ̀ǹpútà mọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù dùndún yóò tètè lóye rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀, tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1,200 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, dúró fún òdo. Ohùn òkè, tí ń gbọ̀n ní ìgbà 2,400, dúró fún ení. Kò sí ohùn àárín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sinclair gbé ZX Spectrum jáde ní 1982. Tẹlifíṣàn ilé ni ojú rẹ̀, rẹ́kọ́dà lásán ni àpótí ìpamọ́ rẹ̀. A ó tẹ LOAD, a ó tẹ bọ́tìnnì rẹ́kọ́dà, igbe kan bí ti ẹyẹ tí ọwọ́ tẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, ìlà aláràbarà yóò sì máa sáré létí ojú tẹlifíṣàn. Ètò tí ó bá kún ọpọlọ 48K rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí orí rẹ́kọ́dà bá dọ̀tí, ó lè di ìṣẹ́jú kẹrin kí ẹ̀rọ tó kọ “R Tape loading error” síwájú rẹ, kí o sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ònkàwé, ẹ fojú inú wo ìyà tí yóò jẹ onítọ̀hún ní ayé NEPA! Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wa fi máa gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde ní 1988, dísìkì ti ń gba ipò kásẹ́ẹ̀tì ní òkè òkun. Dísìkì náà kò sì pẹ́ títí: ní 2011 ni Sony ṣíwọ́ títà á. Ẹ̀rọ ṣì wà, ohun tí a ó fi bọ́ ọ kò sí mọ́.

Ní 1999 ni Panasonic, SanDisk àti Toshiba fi SD káàdì hàn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Èyí tí ó gba 4GB lè gba ohun tí ó kún ọpọlọ Spectrum ní ọ̀nà tí ó lé ní 80,000. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà 1982 kò gbọ́ èdè káàdì. Ó di dandan kí a wá ògbufọ̀. Ní ti Spectrum, divMMC ni wọ́n ń lò, ètò tí ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún sì ń wọlé láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ní ti Commodore 64, SD2IEC ni. Ògbufọ̀ sì ju ògbufọ̀ lọ: ẹ̀rọ dísìkì 1541 ti Commodore jẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, àwọn ètò kan a sì máa rán an níṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí SD2IEC kò lè jẹ́. 1541 Ultimate, tí ó sín ẹ̀rọ náà jẹ pátápátá, ni ó ń jẹ́ ẹ. Ti Gotek ni ó dùn mọ́ mi jù. Àyè ẹ̀rọ flọ́pì ni a ń fi í sí, fláàṣì ni a sì ń kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń tà á fún, irú èyí tí ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà àtijọ́ tó sọ ọ́ di tiwọn.

Gbogbo èyí ìbá já sí asán bí kò bá sí àwọn tí ó jókòó ti rẹ́kọ́dà, tí wọ́n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kọ gígùn ìró kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní TZX, kí òòfà orí téèpù tó rẹ̀ dànù. Èyí tí wọn kò bá, ó ti lọ.

Ní Àkókó, ewu náà pọ̀ ju ti eré orí kọ̀ǹpútà lọ. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní Ọ̀kà kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́. Arigidi àti Ukaan sì jìnnà sí Yorùbá débi pé ọmọ Ìbàdàn kò lè gbọ́ wọn rárá. Ìwé tí a kọ ní èdè méjèèjì yìí kò tó nǹkan. Orí kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ọdún ìbílẹ̀, ni a ti lè gbọ́ ohùn àwọn àgbà tí ó ti lọ. Ooru abẹ́ páànù àti ọ̀rinrin ìgbà òjò sì ń bá téèpù jà: á bu, á lẹ̀ mọ́ra, á já.

Kí a má sì gbọ́kàn lé káàdì jù. Kásẹ́ẹ̀tì tí ń kú a máa ha, ohùn rẹ̀ a máa lọ díẹ̀díẹ̀; káàdì lè dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ní ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: rẹ́kọ́dà tí orí rẹ̀ mọ́, wáyà kan láti ara rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, àti ètò tí ń gba ohùn sílẹ̀ ní fáìlì WAV, tí kì í gé nǹkan kúrò nínú ohùn bí MP3 ti ń ṣe. Àkókò ni ó ń gbà. Kásẹ́ẹ̀tì C90 yóò gba wákàtí kan àti ààbọ̀ gbáko, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, ẹnìkan yóò sì ní láti jókòó ti ìyá àgbà tí ó ni ín, kí ó bi í ní orúkọ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ó ṣì rántí.