Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí èsì ìdánwò rẹ̀ mọ níwọ̀n: ẹ̀ka wo ló yẹ kó dì mú?

Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ òfin ni ẹbí ti máa ń pè é ní 'lọ́yà wa'. Ọdún márùn-ún ni yóò lò níbẹ̀ bó bá gba ìdánwò JAMB wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, ìyẹn Law School tí olú rẹ̀ wà ní Bwari, l'Ábùjá, kí wọ́n tó gbà á wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Gbogbo owó tí àwọn òbí ń ná ní àkókò yìí, ipò kìn-ín-ní tàbí ipò kejì òkè ni wọ́n ń retí. Bó bá wá jẹ́ ipò kejì ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní 'two-two', ni ọmọ náà mú wálé ńkọ́? Ẹ̀ka wo ló kù fún un?

Ká má tan ara wa, àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí yóò ṣòroó ṣí. Àwọn ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ńlá l'Ékòó, tó ń bá báǹkì àti iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ṣiṣẹ́, èsì ìdánwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ipò kejì òkè ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n èsì Law School dá dúró lọ́tọ̀ sí ti yunifásítì, ẹni tó bá múra sí i níbẹ̀ lè fi tún ojú ara rẹ̀ ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé òfin fúnra rẹ̀ kì í wo ipò yìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ ní abala 271 pé ẹni tí yóò di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ iṣẹ́ agbẹjọ́rò fún ọdún 10, ó kéré tán. Ọdún 12 ni fún ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọdún 15 sì ni fún ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kò dárúkọ 'two-two' rárá. Oyè SAN pàápàá, tí Olóyè F.R.A. Williams àti Dókítà Nabo Graham-Douglas kọ́kọ́ jẹ lọ́dún 1975, àwọn ẹjọ́ téèyàn ti rò ní àwọn ilé-ẹjọ́ gíga ni ìgbìmọ̀ máa ń yẹ̀ wò jù lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kì í pín ẹ̀ka fúnni lórílẹ̀-èdè yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni lọ́yà tó ń rojọ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń kọ ìwé àdéhùn. Nàìjíríà kò yà wọ́n. Àṣẹ kan náà ló wà fún méjèèjì. Ohun tó ń sọ èèyàn di ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan ni ọ́fíìsì tó ti kọ́ṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Nítorí náà, ọ̀gá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń yàn kó tó yan ẹ̀ka.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan fún ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni n óò mú. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ni títa ilẹ̀ tó ní ìwé C of O ti nílò ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ra ilẹ̀ láti Ajah títí dé Mowe tó jẹ́ rìsíìtì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Àbí ta ni yóò sọ fún wọn pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù lọ́wọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ẹbí kan lásán ló tà á láìsí olórí ẹbí, lójú òfin, wọn kò tà á rárá? Ẹni tó lè jókòó ti àwọn bàbá onílẹ̀, tó mọ ìdílé tó yà lára ìdílé, tó sì lè ka ìwé sọ̀fíò, ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Abala 22 nínú òfin àwọn agbẹjọ́rò tún dáàbò bo owó rẹ̀: ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kò gbọdọ̀ gba owó láti kọ ìwé ilẹ̀ fúnni. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè pẹ́ o, ó lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹni tí kò ní sùúrù kó má sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún sún mọ́ èyí. Kóòtù ìbílẹ̀ Mápó n'Ìbàdàn kì í ṣàjèjì sí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tọkọtaya kò mọ̀ pé kóòtù bẹ́ẹ̀ kò lè tú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ìjọba. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè ṣe é, lábẹ́ òfin ọdún 1970. Ní ti ogún, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó parí ní London lọ́dún 1962 ló fìdí pínpín ogún ní ìdí-igi múlẹ̀ nílé-ẹjọ́.

Ẹjọ́ ọ̀daràn ni ibi téèyàn ti ń tètè kọ́ ìdúró níwájú adájọ́. Àjọ Legal Aid, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, ń gbèjà àwọn tí kò lówó, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ OPD ní ìpínlẹ̀ Èkó. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ lọ́yà tó bá ṣe é fún ọdún méjì yóò ti bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí ọ́fíìsì aláfẹ́ lọ.

Àwọn ẹ̀ka kan sì wà tí kò tíì ní àgbà. Òfin tó ń dáàbò bo àṣírí àwọn èèyàn lórí kọ̀ǹpútà, ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn olórin, òǹkọ̀wé àti onífíìmù, ti ọdún 2022 ni. Kò sẹ́ni tó ti fi ogún ọdún lo èyíkéyìí nínú wọn, ẹni tó bá kà wọ́n tinú-tẹ̀yìn lónìí lè bá ọ̀gá rẹ̀ dọ́gba.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó yàn, kó lo ìsinmi rẹ̀ nínú ọ́fíìsì lọ́yà, kó sì máa lọ jókòó ní kóòtù, nítorí gbangba ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Nígbà tó bá di àgùnbánirọ̀, kó tọrọ kí wọ́n fi òun sí ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba tàbí Legal Aid. Kí àwọn òbí náà mọ̀ pé owó oṣù lọ́yà tuntun kì í sábà tó ohun tí wọ́n rò. Bó bá sì ṣe ọdún mẹ́ta tó rí i pé ẹ̀ka náà kò bá òun lára mu, kò sí ìdánwò tuntun tí yóò ṣe kó tó bọ́ sí òmíràn. Ọ́fíìsì ni yóò pààrọ̀.