Ta Ló Ń Mú Ọmọ Kọjá? Ìtàn Àlàfo Àárín Ìdánwò àti Sixth Form

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò GCSE tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń ṣe máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ kí oṣù kẹfà tó parí. Èsì rẹ̀ kì í jáde títí di Ọjọ́bọ̀ kan lápá ìparí oṣù kẹjọ. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, sixth form bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ọdún méjì tí ọmọ yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ A-level tàbí èyí tó bá a dọ́gba kó tó kan yunifásítì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ilé-ìwé tó ń fi sílẹ̀ ti yọwọ́, èyí tó ń lọ kò tíì gbà á wọlé. Láti ọjọ́ tí èsì bá sì jáde, bóyá ni ọ̀sẹ̀ méjì yóò kù kó fi mọ ẹ̀kọ́ tí yóò yàn, ilé-ìwé tí yóò gbà á, àti ohun tí yóò ṣe bí máàkì rẹ̀ kò bá tó iye tí wọ́n béèrè. Bí ọmọ bá kọsẹ̀ lásìkò yìí, ọjọ́ orí ni àwọn àgbà máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, wọ́n á ní fóònù ló gbé e lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́yìn níbí ni pé àwọn ènìyàn ló fọwọ́ ara wọn ṣe àlàfo yìí. Wọ́n gbé ìdánwò ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kalẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà àbájáde, wọ́n sì gbé sixth form kalẹ̀ fún ìwọ̀nba àwọn tí ilé wọn ti gbé ró tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i fún gbogbo ọmọ, wọn kò ṣètò bí ọmọ yóò ṣe ti ìkan bọ́ sí èkejì. Ìdílé ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún, wọn kò sì sọ fún ìdílé.

Ọdún 1917 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Secondary School Examinations Council, láti kó oríṣiríṣi ìdánwò tó ń da ilé-ìwé láàmú sábẹ́ ètò kan. Ní 1918, ìwé-ẹ̀rí méjì ti ibẹ̀ jáde: School Certificate fún ọmọ bí ọdún mẹ́rìndínlógún, àti Higher School Certificate ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba ti àkọ́kọ́, ìwé àtijáde ni. Òun ni wọ́n fi ń wọ báǹkì àti ọ́fíìsì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dúró de Higher, ẹ sì jẹ́ ká wo irú ẹni tó ń dúró. Ilé-ìwé tó ti wà láti kékeré náà ló wà. Olùkọ́ tó kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá náà ni yóò kọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá ilé-ìwé mọ bàbá rẹ̀. Títí di ìgbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 1944 fi fòpin sí owó ilé-ìwé ní àwọn ilé-ìwé gíramà ìjọba, púpọ̀ nínú àwọn òbí ló ń sanwó, nítorí náà ilé tí ọmọ ọdún méjìdínlógún ti ń kàwé láìmú kọ́bọ̀ wálé jẹ́ ilé tó rí jẹ. Kíláàsì lásán ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pààrọ̀. Gbogbo ohun tí à ń pè ní ìrànlọ́wọ́ lónìí, ìmọ̀ràn, ojúlùmọ̀, owó, ibi ìdákẹ́jẹ́ láti kàwé, ti wà nílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé ètò. Nítorí pé kò sì sí nínú ìwé, àwọn tó tún ètò náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kò fi ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba gbé ọjọ́ orí tí ọmọ lè fi ilé-ìwé sílẹ̀ sókè sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1947. Ní 1951, wọ́n fi GCE rọ́pò ìwé-ẹ̀rí méjèèjì àtijọ́. Níbẹ̀rẹ̀, òfin ni pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ jókòó fún un. Ẹ fi òfin méjèèjì wéra: ọmọ tí ìkan ní ó lè máa lọ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èkejì ní kó dúró di mẹ́rìndínlógún kó tó rí ìdánwò ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dẹ ti ìdánwò náà, ṣùgbọ́n ó ti fi irú ọmọ tí àwọn aṣòfin ní lọ́kàn hàn, ìyẹn ọmọ tí ilé rẹ̀ lè bọ́ ọ fún ọdún kan sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà wà ní àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní secondary modern, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jáde láìní ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1954, nínú ìròyìn kan tí ìgbìmọ̀ tó ń gba mínísítà ẹ̀kọ́ nímọ̀ràn pe àkọlé rẹ̀ ní Early Leaving. Ìbéèrè wọn ni pé kí ló dé tí ọmọ tó yege ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó sì wọ ilé-ìwé gíramà, fi ń jáde kó tó dé sixth form. Iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe ló hàn nínú ìdáhùn wọn ju ọpọlọ ọmọ lọ. Ọmọ lébìrà tó wọlé pẹ̀lú máàkì gíga ń fà sẹ́yìn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ dókítà àti lọ́yà tí máàkì ìwọlé wọn kò ga rárá ń kọjá wọn lọ. Ilé tó há, àìsí ibi tí ọmọ yóò jókòó sí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, owó tí ìdílé ń retí pé kó ti máa wọlé: ìròyìn náà kò gbójú fo wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí Geoffrey Crowther jẹ́ alága fún yẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba kó wọ iṣẹ́ ológun wò, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ọpọlọ wọn pé jù lọ ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó kan sixth form.

Àwọn kan á sọ pé àwọn tó kàwé láyé ọjọ́un kò rí ẹni fà wọ́n lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n di ènìyàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, torí ìyà tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọjá nìkan ni à ń gbọ́ ohùn wọn. Àwọn tí Early Leaving kà, àti àwọn tí Crowther bá nínú bárékè, gbọ́n bíi tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè wọ́n kí wọ́n wá sọ ìtàn ara wọn níbi àpèjẹ ọlọ́dọọdún ilé-ìwé. Bí a bá fẹ́ mọ bí ètò kan ti dára tó, àwọn tó sọnù níbẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè.

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ sixth form dáadáa. HSC ni à ń pè é. Ìdánwò Cambridge ni àwọn ọmọ wa ń jókòó fún, kí WAEC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 tó gba iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó lè fi HSC múra ọmọ sílẹ̀ fún un kò pọ̀: King's College l'Ékòó, Government College Ìbàdàn, Christ's School l'Ádó-Èkìtì àti díẹ̀ mìíràn. Nígbà tó yá, Comprehensive High School Ayétòrò àti International School Ìbàdàn, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1963, dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà wò, gbé ìròyìn tiwọn jáde ní 1960, wọ́n ní kí ìjọba fẹ ọ̀nà HSC yìí. Síbẹ̀, bí ọ̀nà yẹn ti tóóró tó, ẹni tó bá ráyè wọ̀ ọ́ rí nǹkan gbára lé. Bọ́dìn ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà. Ọmọ tó ti ìlú mìíràn wá bá ibùsùn, oúnjẹ, iná ìkàwé, wákàtí tí agogo yàn fún ìwé, àti olùkọ́ tí ilé rẹ̀ kò ju ìsọ̀kò kan lọ. Àwọn tí kò ráyè ló ń kàwé nílé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí Rapid Results College àti Wolsey Hall ń fi ránṣẹ́ láti ìlú Ọba nípasẹ̀ póòsì. Wọ́n ń ṣe tíṣà tàbí akọ̀wé lọ́sàn-án, wọ́n ń jókòó ti àtùpà lálẹ́. Àwọn tó yege nínú wọn ni à ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tó ka àwọn tó jùwọ́ sílẹ̀. Ètò 6-3-3-4 wọlé ní 1982, HSC bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé, àlàfo náà sì ṣí lọ sáàárín WAEC àti JAMB, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń jókòó sílé lọ́dún kan, ọdún méjì.

Ìtàn tiwa yìí kan àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́mọ ní London tàbí Manchester gan-an. Ẹni tó bá gbé èrò HSC ọjọ́un dání yóò gbà pé ilé-ìwé tó gba ọmọ ti gba gbogbo rẹ̀. Sixth form ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gba ọmọ báyẹn. Ọmọ á wá, á kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta, á ní wákàtí tí kò sí olùkọ́ kankan níwájú rẹ̀, á sì padà sílé. Ìyípadà tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1966, ìlú Luton dá sixth form sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dá dúró, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ó ní àǹfààní tirẹ̀, torí kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá lè kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé kékeré kò lè rí olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá pààrọ̀ kíláàsì lásán ti ń pààrọ̀ ilé-ìwé, bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ àti gbogbo olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1972, wọ́n gbé ọjọ́ orí ìjáde sókè sí mẹ́rìndínlógún. Ní 1988, àwọn ọmọ kọ́kọ́ jókòó fún GCSE, ìdánwò kan fún gbogbo ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo kà sí àdánù ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́: ní 1993, wọ́n gba àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ yẹn nìkan ló ní ọwọ́ nínú ilé-ìwé tí ọmọ ń fi sílẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń lọ pọ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kò sí ẹnì kan pàtó mọ́ tí a lè bi pé ọmọ tó kúrò níhìn-ín, ṣé ó dé ọ̀hún?

Òfin ti 2008 wá sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ máa kàwé tàbí kó máa kọ́ṣẹ́ títí di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti 2013, àti títí di méjìdínlógún láti 2015. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí wọ́n ṣòfin yìí àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ti gba ohun tí ì bá gbé e ró. Láti 2004, ìjọba ti ń fún ọmọ ìdílé tí owó wọn kò pọ̀ ní EMA, owó tó lè tó £30 lọ́sẹ̀, bí ọmọ bá ń lọ sí kíláàsì déédéé. Àjọ olùwádìí kan, Institute for Fiscal Studies, yẹ àwọn agbègbè tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tó dúró sílé-ìwé pọ̀ sí i níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 2011, kò sí ọmọ tuntun tó rí i gbà mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹlòmíràn á ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti dàgbà tó kí a fi í sílẹ̀ kó dá dúró, pé ìtìlẹ́yìn púpọ̀ ló ń sọ ọmọ di aláìlókun. Ìròyìn Crowther kan náà ló dáhùn èyí. Nígbà tó ń ka ohun tó mú sixth form yàtọ̀, ó fi iṣẹ́ tí ọmọ ń dá ṣe fúnra rẹ̀ sí i, ó sì fi bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ olùkọ́ bí ọmọ-ẹ̀yìn sí i pẹ̀lú. Àwọn tó mọ sixth form nígbà tó ṣì jẹ́ ti ìwọ̀nba ènìyàn rí i pé méjèèjì ń rìn pọ̀. Àwa náà kò ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á sì jọ ṣàdéhùn lójú ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì fà á lé àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́. Ọmọ tí wọ́n fà lé ọwọ́ báyẹn kò di ọ̀lẹ. Òun náà ló ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí òbí bá bá ọmọ lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì kí èsì tó jáde, tó bá jókòó tì í láti yan ẹ̀kọ́ mẹ́ta àti ọ̀kan àfirọ́pò, tó bá mọ olùkọ́ tí wọn yóò pè láàárọ̀ ọjọ́ èsì, kò bà á jẹ́. Ohun tí ọmọ ilé ọlọ́rọ̀ ń rí gbà láti 1918 ló ń ṣe fún un. Ó tún yẹ kó mọ̀ nípa owó. Lẹ́yìn EMA, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní 16 to 19 Bursary Fund. Ó lè tó £1,200 lọ́dún fún ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba àti àwọn mìíràn tí ipò wọn le. Fún àwọn ọmọ yòókù tí owó ilé wọn kò tó nǹkan, kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ẹni tí yóò fún àti iye tí yóò fún un, fún owó ọkọ̀, ìwé àti oúnjẹ. Ọmọ gbọ́dọ̀ béèrè fún un, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ wọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ bi nípa fọ́ọ̀mù rẹ̀, kí owó ọkọ̀ oṣù àkọ́kọ́ tó di wàhálà.