Ojú òpó iléeṣẹ́ tí afọ́jú àti adití lè lò: Kí ló wà nínú rẹ̀, kí sì ni òfin sọ ní Abidjan?

Ní Abidjan, ìlú tó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ohun tí ènìyàn máa ń tò lé lórí lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba nígbà kan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Níbẹ̀ ni òbí ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún iléèwé girama, níbẹ̀ ni ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, níbẹ̀ náà ni oníṣòwò ti ń san owó orí. Ìrọ̀rùn ni fún ẹni tó ríran, tó ní fóònù àti dátà. Fún ẹni tí kò ríran, bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí kò ní orúkọ tó láti mú kí iṣẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi ènìyàn bílíọ̀nù 1.3 ló ń gbé pẹ̀lú ìpèníjà ara tó lágbára káàkiri àgbáyé. Ìyẹn jẹ́ ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà.

Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe ń ka ojú òpó?

Etí ló fi ń kà á. Ètò kan máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rẹ̀ tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè. NVDA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 2006, jẹ́ ọ̀fẹ́. TalkBack wà nínú fóònù Android, VoiceOver sì wà nínú iPhone. Kóòdù tó wà lẹ́yìn ojú ewé ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń kà. Bí ẹni tó ṣe ojú òpó bá fi àwòrán lásán ṣe bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tí kò sì kọ orúkọ sí i nínú kóòdù, "bọ́tìnnì" nìkan ni afọ́jú yóò gbọ́. Bọ́tìnnì kí ni? Ó di ìméfò.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó sì ń bani nínú jẹ́ jù, ni ọ̀rọ̀ ìwé ìkéde. Iléeṣẹ́ a tẹ ìkéde, ọ̀gá a fọwọ́ sí i, wọ́n a lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n a wá ya àwòrán ìwé náà, wọ́n a sì gbé e sójú òpó gẹ́gẹ́ bíi PDF. Lójú ẹni tó ríran, ìwé ni. Létí afọ́jú, òfìfo ni, nítorí pé kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìkéde náà gan-an sójú ewé, kí ìwé olóǹtẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Ó yẹ kí kóòdù ojú ewé sọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ohùn tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì lè máa ka Faransé bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kan àwọn Yorùbá náà, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ tó ti tẹ̀dó sí Abidjan láti ìran dé ìran, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anàgó. Ìkéde ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ láìfi àmì ohùn sí i lè yé ẹni tó ń fojú kà á, torí pé ọpọlọ rẹ̀ ń bá a dí àlàfo náà. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ti adití yàtọ̀

Àwọn kan gbà pé adití kò níṣòro lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ojú rẹ̀ dá ṣáká. Ṣùgbọ́n fídíò tí kò ní ọ̀rọ̀ kíkọ lábẹ́ kò sọ nǹkan kan fún un. Fún ọ̀pọ̀ adití, èdè ọwọ́ ni èdè àkọ́kọ́. Faransé tí wọ́n fi kọ ojú ewé jẹ́ èdè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ níléèwé.

Èwo wá ni èdè ọwọ́ Abidjan? Andrew Foster, ajíhìnrere adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá iléèwé adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960. Iṣẹ́ rẹ̀ dé Abidjan ní 1974. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ló mú wá. Nítorí náà, èdè ọwọ́ tí àwọn adití tó kàwé níbẹ̀ ń lò sún mọ́ ti Amẹ́ríkà ju ti ilẹ̀ Faransé lónìí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń kọ. Iléeṣẹ́ tó bá lọ ra fídíò èdè ọwọ́ láti Paris fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Abidjan, àfàìmọ̀ kó má fi owó ṣòfò.

Ìlànà tó wà nílẹ̀

Àjọ W3C, tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì àgbáyé, gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní WCAG jáde ní oṣù Karùn-ún, 1999. Ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù Kẹwàá, 2023. Ohun mẹ́rin ló dá lé: kí ènìyàn lè rí ohun tó wà lójú ewé tàbí kó gbọ́ ọ, kó lè lò ó, kó yé e, kí onírúurú ẹ̀rọ sì lè kà á. Àwọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà lásán àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 4.5 sí 1 ní ìpele kejì nínú ìpele mẹ́ta tí ìlànà náà ní. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun, tí àwọn ayàwòrán ojú òpó fẹ́ràn, sábà máa ń kùnà níbẹ̀. Nígbà tí àjọ WebAIM ní Amẹ́ríkà yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ mílíọ̀nù kan wò ní 2025, ìdá 94.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àṣìṣe, lẹ́tà tó ṣá sì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù.

Àwọn oníṣòwò kan ń ta ètò tí wọ́n ní yóò tún ojú òpó ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù Kíní, 2025, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà kéde pé iléeṣẹ́ accessiBe yóò san mílíọ̀nù kan dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó ṣèlérí ohun tí irú ètò rẹ̀ kò lè ṣe.

Kí ni òfin sọ?

Côte d'Ivoire ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá láti oṣù Kọkànlá, 1998, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ àjèjì ní ọ̀pọ̀ ilé ní Abidjan. Ní 2014, ó fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006, èyí tí abala kẹsàn-án rẹ̀ dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an lára ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn. Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn kan náà ní 2010, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019.

Ẹjọ́ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, ọkùnrin afọ́jú kan ní Australia fẹ̀sùn kan ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje Òlíńpíìkì Sydney pé òun kò lè lo ojú òpó wọn. Wọ́n dá a láre, wọ́n sì ní kí ìgbìmọ̀ náà san 20,000 dọ́là Australia fún un. Láti ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, 2025, òfin Ilẹ̀ Yúróòpù náà ti ń de àwọn tó ń tajà fún ará ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ láti Abidjan ni wọ́n ti ń tà á.

Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tí tirẹ̀ dé kò nílò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnìkan níbẹ̀ gbé máòsì kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó máa tẹ Tab lórí pátákó ìtẹ̀wé títí yóò fi kọ ọ̀rọ̀ sínú gbogbo àyè fọ́ọ̀mù tí yóò sì fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó tan TalkBack lórí fóònù, kí ó pa ojú rẹ̀ dé, kí ó tún un ṣe. Ibi tó bá ti há ni kí wọ́n pe ẹni tó kọ ojú òpó sí. Yopougon ní Abidjan, níbi tí iléèwé ìjọba fún àwọn afọ́jú, INIPA, wà, kò sì jìnnà fún iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ pe àwọn tó ń fi etí kàwé lójoojúmọ́ láti wá dán an wò, kí ó sì san owó iṣẹ́ fún wọn.