Ta Ló Lè Ka Ohun Tó Wà Lára TARDIS?

Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, nítorí náà bí ohùn mi bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má bínú, oorun ló ń bá mi jà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí ìtàn fún yín, n kò sì fẹ́ jẹ yín ní gbèsè.

Ilé ìdáná mi lọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé bébà kan wá bá mi nídìí ìkòkò. Ó ti ya róbótó ńlá kan, ó ya àwọn róbótó kéékèèké mọ́ etí rẹ̀, ó sì fi ìlà àti dọ́ọ̀tì sí wọn. Mo ní, "Kí lèyí?" Ó ní, "Orúkọ mi ni, Mọ́mì. Ìkọ̀wé Gallifrey ni mo fi kọ ọ́."

Mo wo bébà náà títí. Ṣẹ́gun lorúkọ ọmọ mi. Ọmọ yìí kan náà, bí ẹ bá ní kó kọ orúkọ rẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń kọ ọ́, "Segun" lásán ni yóò kọ. Kò ní fi àmì sábẹ́ s, kò ní fi sábẹ́ e, kò sì ní fi ohùn sórí. Inú bí mi, n kò ní parọ́ fún yín. Àṣé ọmọ yìí lè jókòó kọ́ ìkọ̀wé ìlú tí kò sí! Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo wá wádìí ibi tí ìkọ̀wé róbótó yìí ti wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín.

Ẹni tí kò bá mọ eré Doctor Who, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy, ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré náà lórí tẹlifíṣàn. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Doctor ló ń fi ọkọ̀ kan rìn láti ayé àtijọ́ dé ayé tó ń bọ̀. TARDIS lorúkọ ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá wò ó láti ìta, àpótí búlúù ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá Ìlú Ọba máa ń lò nígbà yẹn láti pe àgọ́ wọn lórí tẹlifóònù. Bí ẹ bá wọlé, ó fẹ̀ ju ìta rẹ̀ lọ. Láàárín yàrá náà ni tábìlì olójú mẹ́fà kan wà, tí súìṣì, bọ́tìnnì àti iná kéékèèké kún orí rẹ̀ bámúbámú. Peter Brachacki, òṣìṣẹ́ BBC, ló ṣe tábìlì àkọ́kọ́ yẹn. Ìró ọkọ̀ náà bó bá ń gbéra ńkọ́? Brian Hodgson ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha okùn dùùrù àtijọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí wọ́n kọ sórí tábìlì náà. Ẹ ó rò pé ọkọ̀ tó ti ayé mìíràn wá, èdè ayé mìíràn ló máa wà lára rẹ̀. Rárá o. Ní oṣù kejì ọdún 1964, wọ́n ṣe apá kan tí wọ́n pè ní The Edge of Destruction. Ọkọ̀ náà ń ṣe wérewère, àwọn tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn, nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé súìṣì kan ṣoṣo ló há. Súìṣì ìpadàsẹ́yìn kíákíá ni. Bí ẹ bá wo eré náà dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n fi ọwọ́ kọ orúkọ súìṣì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú páìrò olówùú, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì! Ọkọ̀ tó lè dé ìbẹ̀rẹ̀ ayé, bí ìgbà tí èmi bá kọ "iyọ̀" sára agolo ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn kan ti fi í rẹ́rìn-ín fún ọgọ́ta ọdún. Èmi kò rẹ́rìn-ín, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni eré náà fi lọ kí wọ́n tó fi ìlú Doctor hàn wá bó ṣe yẹ. Ní 1976, nínú apá tí wọ́n ń pè ní The Deadly Assassin, a wọ Gallifrey. Àmì kan wà káàkiri ibẹ̀, lára ògiri àti lára aṣọ, tí wọ́n wá ń pè ní èdìdì Rassilon. Ẹ ṣe bí ọba wọn ló ni ín láti ìṣẹ̀dálẹ̀? Roger Murray-Leach tó yà á ti lò ó ní ọdún kan ṣáájú fún àwọn ẹ̀dá mìíràn pátápátá nínú Revenge of the Cybermen. Wọ́n kàn tún un lò ni. Àmì tí kò ní ìtumọ̀ di àmì ọba nítorí pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ àmì tí a ń bọ̀wọ̀ fún láyé wa yìí, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ní 1989 wọ́n dá eré náà dúró. Ó padà dé ní oṣù kẹta ọdún 2005, Christopher Eccleston ni Doctor. Ìgbà yìí ni róbótó tí Ṣẹ́gun ń yà wọlé. Lára ẹ̀rọ tí Doctor ń wò lórí tábìlì, wọ́n lẹ àwọn bébà pélébé tí wọ́n ya àmì róbótó sí, bí èmi náà ṣe ń lẹ bébà mọ́ fìríìjì. Ní Kérésìmesì 2012, nígbà tí wọ́n tún yàrá náà ṣe, wọ́n gbé òrùka ńlá sókè orí tábìlì, àwọn àmì róbótó wà lára wọn, wọ́n sì ń yí. Ó lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kò sí álífábẹ́ẹ̀tì kankan lẹ́yìn wọn. Àwọn ayàwòrán ló yà wọ́n kí ojú lè rí ohun àjèjì.

Ohun kan wà nínú eré yìí tó máa ń jẹ mí lọ́kàn. TARDIS máa ń túmọ̀ èdè fún ẹni tó bá wà nínú rẹ̀. Ní 1976, Sarah Jane bi Doctor bí òun ṣe ń gbọ́ èdè Ítálì, ó ní ẹ̀bùn àwọn ènìyàn òun ni, tí òun ń bá a pín. Ní 2005, inú bí Rose nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti wọ inú orí òun láti túmọ̀ èdè, tí kò sì tọrọ àyè. Gbogbo èdè ni ọkọ̀ yìí ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2010, nínú The Time of Angels, wọ́n rí àpótí kan tí wọ́n fi ìkọ̀wé àtijọ́ Gallifrey kọ nǹkan sí lára. Amy wò ó, kò lè kà á. Ó ní láti bi Doctor pé kí ló wà níbẹ̀. Ìkíni obìnrin kan sí ọkùnrin ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀ tó lè kà á, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti tán. Ẹ ronú sí i. Èdè gbogbo ayé wà nínú ẹ̀rọ náà, àfi ti ilé onílé gan-an ni kò túmọ̀ fún àlejò.

Nítorí náà, ibo ni Ṣẹ́gun ti rí ohun tó kọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ eré ni. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wo àwọn róbótó tí kò ní ìtumọ̀ yẹn, ó jókòó, ó ṣe ètò ìkọ̀wé fún wọn. Róbótó ńlá kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan. Láti ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ẹ ó máa yí lọ sí apá ọ̀tún, ẹ ó gba òkè padà. Róbótó kéékèèké ni kọ́ńsónáǹtì, dọ́ọ̀tì àti ìlà ló ń sọ èyí tó jẹ́: k gba dọ́ọ̀tì méjì, l gba mẹ́ta, n gba ìlà kan. Fáwẹ̀lì jẹ́ róbótó kékeré tí kò ní nǹkan nínú. Kì í ṣe BBC ló ni ètò yìí. Ìfẹ́ ló bí i, íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e kiri, àwọn ènìyàn sì ti fín in sí ara wọn títí ayé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí n kò fi rẹ́rìn-ín sí páìrò ọdún 1964 yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, wọ́n fi mí sí wọ́ọ̀dù kan tí ẹ̀rọ tí ń fún oògùn sí ara aláìsàn kò jọ èyí tí mo mọ̀. Àmì lásán ló wà lára rẹ̀, ó sì ń ké. Ojú ń tì mí láti béèrè. Sístà àgbà kan, ọmọ Jamaica, wá dúró tì mí, ó fi ìka tọ́ àwọn àmì náà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní róbótó tí ìlà gba orí rẹ̀ kọjá tí ẹ máa ń rí lára bọ́tìnnì iná, òǹkà 1 àti 0 ni, títàn àti pípa. Ó fi òǹkà 2 tí wọ́n fa ìlà dá hàn mí lára páálí abẹ́rẹ́: ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ó fi páìrò kọ nǹkan sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí n ó ti máa rí i. Àmì kì í dá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò sí ọ, ẹ̀fà ni, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ìwọ náà bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ ni, ìyẹn ni pé a jọ wà níbẹ̀. Àjèjì lè ka owó ẹyọ náà lọ́nà ogún, mẹ́fà ni yóò máa rí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ni owó yẹn ń bá sọ̀rọ̀.

Àmì abẹ́ lẹ́tà wa náà kò já bọ́ láti ọ̀run. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1875 ni wọ́n pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Àwọn ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ló jókòó, tí wọ́n jiyàn, tí wọ́n fi dọ́ọ̀tì sí abẹ́ lẹ́tà nítorí pé ọkọ̀ àti okó kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìyàtọ̀ wa sí Gallifrey ni pé àwa ní ìlú, a sì ní ènìyàn. Gallifrey kò ní ẹnì kankan, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń kọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ta ló jẹ̀bi nínú èmi àti Ṣẹ́gun? Èmi ni. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ níbẹ̀, n kò sì kọ́ ọ.

Ní oṣù karùn-ún 2025, TARDIS balẹ̀ sí Èkó. Inua Ellams, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, ló kọ apá náà, The Story & the Engine. Ncuti Gatwa tí wọ́n bí ní Rwanda ni Doctor, ilé onígbàjámọ̀ ló sì wọ̀. Èmi àti Ṣẹ́gun jọ wò ó, ó ń bi mí léèrè nípa Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì ń dùn. Nítorí náà, nígbà tó gbé bébà róbótó yẹn wá, n kò ní kó gbé e kúrò. Mo ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ibo ni àmì abẹ́ e wà?" Ó wò mí. Ó ní ètò náà kò ní i. Mo ní ká wá àyè fún un.

A pa iná ọbẹ̀, a jókòó. Ṣ kò yọ wá lẹ́nu, ètò náà ti ní àmì tirẹ̀ fún ìró yẹn, òun ni kò lò ó. Ti ẹ ló ku. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé róbótó fáwẹ̀lì ṣófo nínú, ló bá fi dọ́ọ̀tì kan sí àárín rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Mọ́mì, kí ló fà á tí ẹ ò fi kọ́ mi ní tiwa tẹ́lẹ̀?" N kò rí èsì gidi fún un. Mo gba páìrò, mo kọ Ṣẹ́gun sí abẹ́ róbótó náà, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pátápátá, mo ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ohùn orí ẹ la kò tíì mọ ibi tí a ó gbé sí nínú ti Gallifrey. A ṣì ń rò ó.

Iṣẹ́ ilé tiyín rèé o. Lálẹ́ òní, ẹ fún àwọn ọmọ yín ní bébà, kí wọ́n kọ orúkọ wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín bí ojú ṣe tì mí lọ́jọ́ yẹn ní wọ́ọ̀dù. Ẹ pe màmá yín lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà, nígbà tí wọ́n ṣì wà láti dá yín lóhùn.

Mo ń lọ sùn.