ÈÈPO Ẹ̀PÀ JỌ PÓSÍ Ẹ̀LÍRÍ: Ìtàn Bí A Ṣe Dá Àwọn Ọmọ Ogun Ara Mọ̀ Lọ́kọ̀ọ̀kan

 

Àwọn àgbà wa ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun; èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó ní apá kejì tí a kì í sábà rántí: ohun tó jọ ohun kì í ṣe ohun náà. Ẹni tó bá rí èèpo ẹ̀pà tó sì ń kẹ́dùn òkú, ojú ló tàn án jẹ. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tó ti gba ẹ̀mí là láyé yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀ láti gbà pé ohun méjì tó jọra ti di ọ̀kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀lírí fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà ni bí àwọn onímọ̀ ṣe fi aró tí ń tàn yanran dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sí ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà, níbi tí wọ́n bí Abū Bakr al-Rāzī sí ní nǹkan bí ọdún 865. Ó jẹ́ olórí oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀ àti ní Bàgídáàdì. Al-Rāzī kọ ìwé kékeré kan lórí ṣọ̀pọ̀nná àti èèyi. Àìsàn méjèèjì ló ń mú ibà wá, méjèèjì ló sì ń sú sí ara. Ṣùgbọ́n ó to àwọn àmì lẹ́sẹẹsẹ tí oníṣègùn fi lè mọ èkínní yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìn àti àwọn èdè Yúróòpù mìíràn, àwọn oníṣègùn sì ń kà á fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. A kò sọ pé al-Rāzī mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì o. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tó ṣe lára àìsàn, òun náà ni àwọn mìíràn wá ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni ìṣòro tó wà nínú ẹ̀jẹ̀? Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun ara. Lára wọn ni irú kan wà tó kéré, tó rí roboto, tí gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Ní ọdún 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ Jacques Miller ń ṣe ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yọ ẹran kékeré kan tí à ń pè ní thymus, èyí tó wà lẹ́yìn egungun àyà, kúrò lára àwọn ọmọ ẹ̀lírí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹran yìí kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀lírí náà kò lè bá àrùn jà mọ́. Ní ọdún 1968, òun àti Graham Mitchell fi hàn ní ilẹ̀ Ọsirélíà pé irú sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú àwọn roboto wọ̀nyí: èyí tó gba inú thymus kọjá, tí à ń pè ní T, àti èyí tó ti inú mùdùnmúdùn egungun wá, tí à ń pè ní B. B ló ń rọ áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lẹ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo tirẹ̀ mu. Nínú T, àwọn kan ń pàṣẹ, àwọn mìíràn ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀. Bí o bá wá gbé gbogbo wọn sábẹ́ maikirosíkóòpù, o kò ní mọ ọ̀gágun yàtọ̀ sí ọmọ ogun lásán.

Láyé àtijọ́, nígbà tí èrò bá pọ̀ lọ́jà, ilà ojú ni àwọn baba wa fi ń mọ ọmọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ Òǹdó. Sẹ́ẹ̀lì náà ní ilà tirẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ilà yìí kéré débi pé maikirosíkóòpù lásán kò lè fi í hàn. Ó di dandan kí á wá ohun tí yóò lọ fọwọ́ kan ilà náà, tí yóò sì tan iná sí i kí ojú lè rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú iná náà wá ni Albert Coons, dókítà ará Amẹ́ríkà. Nígbà tó ṣe ìbẹ̀wò sí ìlú Berlin ní ọdún 1939, èrò kan sọ sí i lọ́kàn: bí áńtíbọ́dì bá máa ń lọ tààrà bá ohun tó ń wá, a lè so àtùpà mọ́ ọn lára, kí á sì wo ibi tó dúró sí. Ní Yunifásítì Harvard, òun àti Hugh Creech àti Norman Jones lẹ aró mọ́ áńtíbọ́dì tí ń dojú kọ kòkòrò òtútù àyà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1941. Kòkòrò náà tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ aró yẹn jẹ́ búlúù, ẹran ara pàápàá sì máa ń tan búlúù díẹ̀ lábẹ́ irú iná tí wọ́n lò. Ó wá dà bí ẹni ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ funfun láàárín àwọn alálàájì lórí pápá Árafà. Coons yí padà sí aró mìíràn tó ń jẹ́ fluorescein, tí Adolf von Baeyer ti ṣe ní Jámánì láti ọdún 1871, èyí tó ń tan àwọ̀ ewé. Ogun àgbáyé kejì gbé Coons lọ sójú ogun, àmọ́ nígbà tó dé, ó tún gbé iṣẹ́ náà nílẹ̀. Ní ọdún 1958, Riggs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kansas sọ aró náà di èyí tó rọrùn láti lẹ̀ mọ́ áńtíbọ́dì, ó sì tàn ká ibi ìwádìí gbogbo.

Àtùpà ti dé. Ta ni yóò wá gbé e dé ibi ilà? Níhìn-ín ni ẹ̀lírí ti wọlé. Láti nǹkan bí ọdún 1900, obìnrin olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí kan tó ń jẹ́ Abbie Lathrop ń sin ẹ̀lírí tà ní abúlé Granby, ní Massachusetts. Lára àwọn tirẹ̀ ni Clarence Little ti mú èyí tó fi dá ìdílé ẹ̀lírí dúdú tí à ń pè ní C57BL sílẹ̀ ní ọdún 1921. Wọ́n ń mú ọmọ ìyá bá ọmọ ìyá sùn fún ogún ìran àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí gbogbo àwọn tó wà nínú ìdílé kan fi bá ara wọn mu bí ìbejì. Nítorí náà, bí wọ́n bá fa sẹ́ẹ̀lì ìdílé kan sí ara ìdílé kejì, ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà láàárín wọn nìkan ni ara yóò rọ áńtíbọ́dì sí. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí àwọn ilà náà. Ní ọdún 1964, Arnold Reif àti Joan Allen rí ilà kan tó wà lára T. Ní ọdún 1975, Harvey Cantor àti Edward Boyse fi ilà Ly ya T tí ń ṣèrànwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára T tí ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Síbẹ̀, ojú ènìyàn ló ń ka iye tó tàn. Leonard Herzenberg, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford, wà lára àwọn tí kíka sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ maikirosíkóòpù sú, ó sì gbà pé ẹ̀rọ ló yẹ kó máa ṣe é. Ó gbọ́ pé Mack Fulwyler ní Los Alamos ti ṣe ẹ̀rọ kan ní ọdún 1965 tí ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi tó. Ẹ ṣàkíyèsí pé Los Alamos yìí ni wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù nígbà ogun. Herzenberg gba àwòrán ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ aró ya sẹ́ẹ̀lì jáde. Ní ọdún 1972, wọ́n fi iná lésà sí i. Ní Jámánì náà, Wolfgang Göhde ti ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ọdún 1968, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ aró wọn sẹ́ẹ̀lì.

Báyìí ni ẹ̀rọ flow cytometer ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á po sẹ́ẹ̀lì mọ́ omi, omi náà á sì máa ṣàn bí okùn tín-ín-rín, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì á fi tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá níwájú lésà, ìmọ́lẹ̀ á tú ká lára rẹ̀, ẹ̀rọ á sì mọ bó ti tóbi tó àti bí inú rẹ̀ ti rí. Bí ó bá ní ilà tí áńtíbọ́dì ń wá, aró ara rẹ̀ á tàn, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ló lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó bá ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ á tún sọ omi náà di ẹ̀kán kéékèèké, á fi iná mànàmáná sára ẹ̀kán tí a fẹ́, á sì fà á sínú ìgò tirẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù. Áńtíbọ́dì tí wọ́n ń gbà lára ẹ̀jẹ̀ ẹran jẹ́ àdàlù, bó bá sì tán, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, Georges Köhler ará Jámánì àti César Milstein tí wọ́n bí ní Ajẹntínà yanjú rẹ̀ ní ìlú Cambridge. Wọ́n so sẹ́ẹ̀lì ẹ̀lírí tí ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Ọmọ tí méjèèjì bí ń ṣe irú áńtíbọ́dì kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró. Wọn kò gba ìwé-àṣẹ oníhun sórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó fẹ́ sì lè lò ó. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1984. Herzenberg lọ bá Milstein ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, òun ló sì sọ sẹ́ẹ̀lì àsopọ̀ náà ní hybridoma. Nígbà tó padà dé, òun àti Jeffrey Ledbetter fa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀lírí sára èkúté ńlá, nítorí pé èkúté á rí ọ̀pọ̀ ilà tí ẹ̀lírí kò lè rí lára ara rẹ̀. Áńtíbọ́dì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1979, bí èyí tí à ń pè ní 53-6.7 tí ń mú T apani, ni àwọn ibi ìwádìí káàkiri ayé ṣì ń lò títí di òní. Ní ọdún 1982, wọ́n tún rí àwọn aró mìíràn tí ń tàn gidigidi lára ewé inú òkun, ẹ̀rọ sì lè ka ju àwọ̀ kan lọ lára sẹ́ẹ̀lì kan náà.

Òṣìṣẹ́ tó gbọ́n kì í gba gbogbo ohun tó tàn gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú a máa gba àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìrù áńtíbọ́dì pàápàá lè lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ yọ òkú kúrò, wọ́n á dí ibi tí ìrù ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á sì wo sẹ́ẹ̀lì tí a kò fi aró sí, kí wọ́n tó sọ pé, "Èyí nìyí." Bí adájọ́ ṣe ń yẹ ẹlẹ́rìí wò náà nìyẹn.

Ìlò gbogbo làálàá yìí hàn kedere ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, nígbà tí Michael Gottlieb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí àìsàn àjèjì mú ní Los Angeles. Nígbà náà, wọ́n ti ṣe irú áńtíbọ́dì wọ̀nyí fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Wọ́n fi wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn T tí ń ṣèrànwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí àrùn éèdì ṣe di mímọ̀ nìyẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí kòkòrò tó ń fà á. CD4 ni ilà tí T aṣèrànwọ́ náà ní.

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn HIV ní ọdún 2002, iye CD4 ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kó tètè bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ní kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ oògùn láìwo iye. Ṣùgbọ́n òǹkà náà ṣì wúlò láti mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, pàápàá bó bá ti wálẹ̀ ju 200 lọ. Ẹ wò ó, ẹni tó sanra, tó ń dán, lè ní 150. Ẹni tó gbẹ bí igi lè ní 700, kó má sì ní kòkòrò kankan lára. Mélòó nínú wa ni kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi ojú lásán wo ará àdúgbò tó rù, kí wọ́n sì dájọ́ éèdì fún un, títí kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí? Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nípa èrò burúkú sí ọmọnìkejì. Bí àwọn onímọ̀ kò bá gba ojú wọn gbọ́ lórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀lírí, kí ló dé tí àwa fi ń gba ojú wa gbọ́ lórí ènìyàn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀lírí náà kù. Àìmọye rẹ̀ ló kú kí ìmọ̀ yìí tó dé ọwọ́ wa. Ànọ́bì wa sọ fún wa nípa obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó sé mọ́lé tí kò fún ní oúnjẹ. Àmánà ni ẹranko jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 1959, William Russell àti Rex Burch kọ ìwé tó ní kí onímọ̀ wá ohun mìíràn lò dípò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó dín iye rẹ̀ kù, kó sì dín ìrora rẹ̀ kù. Ẹ̀rọ tó lè ka ọ̀pọ̀ ilà lára ẹ̀jẹ̀ ẹ̀lírí kan ṣoṣo wà lára ohun tó mú èyí rọrùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó wà nílé-ẹ̀kọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olùkọ́ tó ń sin ẹ̀lírí, dókítà tó bọ̀ láti ojú ogun, ẹni tí òǹkà sú: kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn. Ẹ wá ipò tiyín nínú iṣẹ́ náà. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí a ó fi mọ ohun tó jọra yàtọ̀ sí ara wọn, kó sì fún wa ní sùúrù láti wádìí ká tó sọ̀rọ̀. Àmín.