Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira: Ìtàn Irinṣẹ́ Tí Ọ̀dọ́ Fi Ń Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kò lè fi ọwọ́ lásán kọ́ ọ. Yóò wá abẹ́rẹ́, yóò wá àlùmọ́gàjí, yóò sì wá ẹ̀rọ ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ tirẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Ògbufọ̀ ni. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ju èdè òdo àti oókan lọ. Ọmọ ènìyàn a máa kọ àṣẹ rẹ̀ ní èdè tó lè yé òun, kọ̀ǹpáílà a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ lè jẹ́.

A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa pé àìlówó ni kò jẹ́ kí àwọn kọ́ iṣẹ́ yìí. A mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wọ́n, iná kì í sì í dúró. Ṣùgbọ́n ní ti kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ti kúrò níbẹ̀. Báwo ló ṣe kúrò? Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí kò mọ làálàá tó wà nídìí ẹ̀bùn kì í mọyì ẹ̀bùn.

Ní 1952, obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, Grace Hopper, ṣe ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ fún ẹ̀rọ UNIVAC. A-0 ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí A-2 jáde ní 1953, ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn oníbàárà ní àkọsílẹ̀ àṣẹ tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá tún un ṣe fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ padà. Ẹ ò rí i pé àjọni ni ìmọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ̀rọ ni ọjà nígbà náà, èènì ni ètò tó ń bá a wá.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 1969, ilé-iṣẹ́ IBM kéde pé òun yóò máa díyelé ẹ̀rọ lọ́tọ̀ àti ètò lọ́tọ̀. Díẹ̀díẹ̀, èènì di ọjà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àkọsílẹ̀ àṣẹ wọn, tí ẹni tó rà á kò lè rí inú rẹ̀. Nígbà tí Borland gbé Turbo Pascal jáde ní 1983 ní dọ́là 49.95, owó pọ́ọ́kú ni àwọn ènìyàn kà á sí, nítorí irú rẹ̀ ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là.

Ní ọdún kan náà, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, Richard Stallman, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ tó pè ní GNU. Ó rí i pé ìwà àjọni àtijọ́ ti ń parẹ́, pé wọ́n ń mú kí ènìyàn fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fi ohun tó mọ̀ han aládùúgbò òun. Ó pinnu láti kọ odidi ètò tí gbogbo ènìyàn lè lò, tí wọ́n lè ṣí wò, tí wọ́n lè tún ṣe, tí wọ́n sì lè pín.

Ó kọ́kọ́ wá kọ̀ǹpáílà tó ti wà nílẹ̀. Ó gbọ́ nípa ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ Yunifásítì Òmìnira ti Amsterdam, ó sì kọ̀wé sí ẹni tó ni ín. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi dá a lóhùn: yunifásítì ló ní òmìnira, kọ̀ǹpáílà kò ní in. Ó gba òmíràn láti ilé ìwádìí Lawrence Livermore, ṣùgbọ́n èyí ń jẹ ààyè ju èyí tí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbà lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ tuntun láti ìpilẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1987, kọ̀ǹpáílà tirẹ̀, GCC, jáde.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Èdè tiwa ní méjì: ọ̀fẹ́ àti òmìnira. Òmìnira ni Stallman ń wá. Ní 1985, dọ́là 150 ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó fi Emacs, ètò ìkọ̀wé rẹ̀, ránṣẹ́ sí òun lórí téèpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i gbà lè dà á kọ fún ẹni tó bá wù ú. Ìwé àdéhùn GPL tó jáde ní 1989 fi èdìdì dì í: lò ó, tún un ṣe, pín in, àmọ́ bí o bá pín in, má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Ẹ wá wo bí ẹ̀bùn ṣe ń bí ẹ̀bùn. Ní 1989, DJ Delorie bẹ̀rẹ̀ sí í gbé GCC wá sórí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo DOS, ó pè é ní DJGPP. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki, fi GCC kọ́ Linux. Nígbà tí Borland jẹ́ kó yé àwọn ènìyàn pé òun kò ní tẹ̀síwájú pẹ̀lú Pascal fún DOS, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jámánì, Florian Klämpfl, bẹ̀rẹ̀ Free Pascal ní 1993, ó sì gun èjìká iṣẹ́ DJGPP. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Àwọn oníṣòwò náà kò gbẹ́yìn. Microsoft gbé Visual Studio Express jáde ní 2005, ó sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ pátápátá ní 2006. Lẹ́yìn náà ó pa á tì, Community tó jáde ní 2014 sì gba ipò rẹ̀. Ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́, a kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe òmìnira: ẹni tó fún ọ ló ni kọ́kọ́rọ́.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ láyé dísíkì ní ẹ̀bi tiwa láti jẹ́wọ́. Kọ̀ǹpáílà tí a kò rà ni a ń dà kọ lọ́wọ́ ara wa ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ kan, dísíkì bẹ́ẹ̀ kó fáírọ́ọ̀sì wọ inú ẹ̀rọ wa, ó sì ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Ohun tó dùn wá jù ni pé DJGPP ti wà nígbà náà. Ohun tí a lè gbà ní gbangba ni a lọ ń jí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má tún àṣìṣe wa ṣe. GCC wà, Free Pascal wà, Python tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991 wà. Ẹni tí kò ní ju fóònù Android lọ lè fi Termux bẹ̀rẹ̀. Bí dátà bá wọ́n, kí ẹnì kan gbà á sílẹ̀, kó sì dà á sórí fláàṣì fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe olè, àwọn tó ni ín ló yọ̀ǹda. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ibi tí wọ́n ti rí irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbà á kí ẹ lọ. Ẹ ṣí inú rẹ̀ wò, ẹ tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe, ẹ sì kọ́ àbúrò yín. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ọpẹ́ tí ẹ lè dá.