Ìjà Àtòrì Inú Ọdún Ògìyán ní Èjìgbò: Ìtàn Tí A Ń Fi Ara Sọ

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ìtàn ń gbé. Ọ̀pọ̀ àwùjọ ló ń fi ara ṣe é kí ojú lè rí i. Ní Fort William, lórílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn ènìyàn a máa múra bí àwọn oníṣòwò awọ ẹranko tó wà níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1821, wọn a sì máa fi ìṣe wọn han àlejò. Bí ọjọ́ bá rọ̀, wọn a bọ́ aṣọ náà sílẹ̀. Ìjà àtòrì inú ọdún Ògìyán ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jọ èyí lójú, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn yàtọ̀.

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ìtàn tó rọ̀ mọ́ ìjà náà sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1981. Babaláwo kan, ọ̀rẹ́ Ògìyán ọba Èjìgbò, kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe kí ìlú rẹ̀ lè gbilẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà dé, ìlú ti tóbi, ẹ̀ṣọ́ ti kún ẹnu-ọ̀nà ààfin. Ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń pè é tẹ́lẹ̀, ó pè é ní ajẹyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ka èyí sí àfojúdi. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Láti ìgbà náà ni òjò ti kọ̀, tí àwọn obìnrin sì yàgàn. Nígbà tí ọba mọ ìdí abájọ, ó tú u sílẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Babaláwo gbà, ṣùgbọ́n lórí àdéhùn kan: lọ́dọọdún, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣólò àti ti Òkè Màpó yóò máa na ara wọn.

Òpìtàn kò ní láti gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tí ìjà náà kò jẹ́ kí ó parẹ́. Oríkì ààfin sábà máa ń gbé ọba ga; ìjà àdúgbò méjì yìí ló ń rán ìlú létí pé ààfin ti ṣi agbára lò rí, pé aláìṣẹ̀ jìyà, àti pé gbogbo ìlú ló pín nínú gbèsè náà. Ẹni tí a ń nà kò ṣe bí ẹlòmíràn; gbèsè tó jogún ló ń san.

Àwọn ẹrú Yorùbá gbé Ògìyán dé Bahia, kí òfin ọdún 1850 tó fòpin sí kíkó ẹrú wọ Brazil. Iṣu àti odó ṣì wà nínú ọdún rẹ̀ níbẹ̀, àtòrì náà sì wà. Ṣùgbọ́n fífi kan ara lásán ni, fún ìbùkún. Ìrora ti lọ, àmì kù. Verger fúnra rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà a kò lè ka ìtàn ibi méjèèjì sí ẹ̀rí tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìwádìí síwájú.

Àtòrì lè rọ̀, kí ìtàn má sì sọnù. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ìjà náà di ìran àlejò, tí a kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ mọ́, ẹgba lásán ni yóò kù. Ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ aláṣẹ yóò ti lọ.